Ọjọ́ tí Bàbá Mi Rẹ́rìn-ín sí Ogun

Títí di òní, bí wọ́n bá ń ṣe fíìmù ogun lórí tẹlifíṣọ̀n, màá dìde lọ wá abọ́ fọ̀ ní ilé ìdáná. Àwọn ọmọ mi rò pé ìbọn ló ń bà mí lẹ́rù, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo wò já láyé mi. Ní Banjul ni, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo jókòó sí, fíìmù náà sì pa mí lẹ́rìn-ín débi tí ojú fi ń tì mí.

Ìwé ìjọba ṣì ń pe ìlú náà ní Bathurst nígbà yẹn, ṣùgbọ́n Banjul là ń pè é lọ́jà. Bàbá mi ní ìsọ̀ kan ní Albert Market, ó ń ta bàsíà, ìkòkò, kẹ́tù àti àgádágodo. Àwọn kúùkù tó ń dáná fún òyìnbó ní Fajara máa ń wá ra ìkòkò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ná ọjà títí bí ẹni pé owó ara wọn ni. Ìsẹ́yìn ni a ti wá. Ìyá wa ti kú kí a tó wọkọ̀ ojú omi, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ni bàbá wa kó dání. Mo kàwé díẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà mo jókòó ti ìsọ̀.

Àbúrò mi ò fẹ́ràn ìsọ̀, omi ló fẹ́ràn. Bí a bá lọ sí Cape Point lọ́jọ́ ìsinmi, a ò ní tíì tẹ́ ẹní tí yóò fi ti kó sínú òkun pẹ̀lú ṣòkòtò ilé ìwé rẹ̀. Bàbá mi á dúró létí omi, á máa pariwo pé kó má lọ jìnnà, á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó ní iṣẹ́ mẹkáníìkì lòun fẹ́ kọ́, bàbá mi bá fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ n'Íbàdàn. Kò tíì gba fíríìdọ̀ọ̀mù nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ nílé. Ó lọ wọṣẹ́ sójà, kò bi ẹnikẹ́ni. Fọ́tò kan ló fi rán ẹnì kan sí wa, níbi tó ti wọ fìlà sójà tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Bàbá mi gbé e kọ́ sókè àwọn kẹ́tù, òwúrọ̀ òwúrọ̀ ló sì ń nù ún.

Ẹ mọ̀ bí àwa Yorùbá ṣe ń kíra wa. A kì í kí èèyàn ní gbólóhùn kan kí a kọjá bí ẹni tí ajá ń lé. Àwọn ará ìlú wa tó ń tajà ní Albert Market á dúró níwájú ìsọ̀ wa, wọ́n á bèèrè ara, wọ́n á bèèrè ilé, wọ́n á bèèrè ọjà. Látìgbà tí àbúrò mi ti wọṣẹ́ ogun, ìbéèrè kan tún gorí rẹ̀.

“Sójà wa ńkọ́?”

“Sójà ń bẹ, a dúpẹ́.”

Bàbá mi fẹ́ràn ìbéèrè náà ju gbogbo èyí tó kù lọ. Bí ẹni tó ń kí i bá fẹ́ gbàgbé, á dá a dúró, á bá a sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn títí yóò fi rántí. Kódà obìnrin Wolof tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọ̀kánkán wa, Ẹlẹ́ja là ń pè é, ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ó sì ń bèèrè ní èdè tirẹ̀ pé, “Naka sa doom?” Bàbá mi á dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn níbẹ̀: “Mu nga fa.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé ó wà níbẹ̀ lọ.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ọkùnrin kan gbé ọjà dé láti ilé. Kò wá sọ́dọ̀ bàbá mi. Ọ̀dọ̀ Bàbá Onífìlà ló lọ, ẹni tó ń rán fìlà tà, tó sì jẹ́ àgbà àwọn Ìsẹ́yìn tó wà ní Banjul. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Onífìlà ránṣẹ́ pè mí. Mo bá àwọn àgbà ìlú wa nínú yàrá rẹ̀, kò sí ẹni tó wo ojú mi nínú wọn. Mo ti mọ̀ kó tó lanu.

“Sójà ti lọ,” ló wí.

Mo ké. Obìnrin kan fi gèlè rẹ̀ bò mí lẹ́nu, kì í ṣe ìkà ló ṣe, ẹ̀rù ló ń bà á kí ohùn mi má lọ dé òpópó. Bàbá Onífìlà ní bàbá mi kò gbọdọ̀ gbọ́ báyẹn. Lọ́dún tó ṣáájú, bàbá mi ti dìgbòlulẹ̀ láàárín àwọn bàsíà rẹ̀, dókítà sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í túfọ̀ ọmọ fún bàbá rẹ̀ bí ẹni sọ iye tí wọ́n ń ta iyọ̀. Àwọn àgbà ló máa ń kóra jọ lọ bá a ní kùtùkùtù, wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á gba ẹ̀yìn wá sí iwájú ọ̀rọ̀, kó tó di pé wọ́n sọ ọ́, wọ́n ti dì í mú. Wọ́n ní àwọn máa mú ọjọ́. Wọ́n ní kí n lọ fọ ojú mi.

Mo délé, mo dáná. Nígbà tí bàbá mi bi mí pé kí ló dé tí ojú mi pọ́n, mo ní àlùbọ́sà ni.

Wọ́n mú ọjọ́ lóòótọ́. Wọ́n ní kí ààwẹ̀ kọjá. Ààwẹ̀ kọjá, wọ́n ní kí Iléyá kọjá, kí wọ́n má ba ọdún jẹ́ fún un. Iléyá kọjá, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi dókítà. Àwọn àgbà wa mọ bí wọ́n ṣe ń sún ọ̀rọ̀ síwájú ju bí Bàbá Onífìlà ṣe mọ fìlà rán lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, bàbá mi ń nu fọ́tò, èmi ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àbúrò mi kan ṣoṣo kú, mi ò rí ibi sunkún rẹ̀. Mo ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú omi tí mò ń dà sórí kí ariwo rẹ̀ lè bo tèmi. Mo kórìíra gbogbo wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo dúpẹ́ fún ni pé rédíò tí bàbá mi fi máa ń gbọ́ ìròyìn ogun bàjẹ́. Ó gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, gbogbo ìgbà tí mo bá bèèrè, á ní ọkùnrin náà ò tíì rí irin tó máa fi sí i.

Ọkùnrin Aku kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ Krio nílùú náà, wà tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà sinimá. Ó wá ra bàsíà fún ìyàwó rẹ̀, bàbá mi dín owó fún un, inú rẹ̀ dùn, ó fa tíkẹ́ẹ̀tì méjì yọ.

“Kushe, Papa,” ló wí. “Na wo fim de kam dis Sonde. Yu en yu pikin, una kam.”

Fíìmù ogun ni, kí bàbá mi àti ọmọ rẹ̀ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi yìí ló máa ń sọ pé àwọn tí kò níṣẹ́ ló ń lọ jókòó sínú òkùnkùn ní ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n ó gba tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn.

“Bàbá, ẹ̀yin àti sinimá?”

“Fíìmù ogun ni,” ló dáhùn. “Mo fẹ́ rí ibi tí ọmọ mi wà.”

Mo sáré lọ bá Bàbá Onífìlà, mo kúnlẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀ o, bàbá mi fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá túfọ̀ fún un lónìí. Ó gbé fìlà tó ń rán sílẹ̀, ó tún gbé e.

“Ó dáa. Lẹ́yìn sinimá náà. A máa wá ní Mọ́ńdè.”

“Tó bá dìgbòlulẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́, Bàbá?”

“Ṣebí ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.”

Mo dìde, mi ò dágbére fún un. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Alásárì, bàbá mi wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ó dé fìlà, bí ẹni ń lọ kí àna. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà. Mo gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rò pé òkùnkùn ló ń bà mí lẹ́rù, ó fi ọwọ́ kejì bo tèmi.

Ìbọn dún. Èéfín gba gbogbo aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri. Mo dijú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, mo la ojú mi, mo rí sójà kan tí ṣòkòtò rẹ̀ ti jábọ́ tó sì ń sá lọ pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí. Ogun náà ti tán nìyẹn. Wọ́n ti ṣẹ́gun wọn kí n tó dijú kí n tó là á.

Èdè òyìnbó ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà lẹ́yìn wa tó ń fi igbe túmọ̀ rẹ̀ sí Wolof fún gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá àwọn sójà náà rán ìránṣẹ́ kan lọ sọ fún ọba pé ogun ti kó wọn. Orí ìránṣẹ́ yìí wà nínú báńdéèjì, ọwọ́ rẹ̀ kan rọ̀, ẹsẹ̀ kan ló fi ń rìn. Ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gágun kìíní, ó bá a nídìí oúnjẹ, ó wo ojú rẹ̀, kò lè sọ ọ́. Ó ní, “Ó kù díẹ̀ kí a borí.” Ọ̀gágun yẹn fi irin àmì ẹ̀yẹ sí i láyà, ó ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gágun kejì. Níbẹ̀, ó ní, “A ti borí.” Wọ́n tún fi òmíràn sí i láyà. Nígbà tó fi dé ààfin, àwọn irin náà ti wúwo débi tó ń fa ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀jẹ̀ imú sọ fún ọba pé ọba àwọn ọ̀tá ti dọ̀bálẹ̀. Ọba ní kí wọ́n pa màlúù. Wọ́n ń yìnbọn ayọ̀. Ìbọn ayọ̀ náà wó ògiri ààfin lulẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Láti ìgbà ọyẹ́ yẹn, ẹ̀rín ò tíì kọjá ètè mi, mi ò sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣì wà nínú mi. Àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò sí ẹnì kan tó dà bí akin nínú rẹ̀, láti orí ọba dé orí kúùkù, ẹ̀rù òtítọ́ ló ń bà wọ́n ju ẹ̀rù ọ̀tá lọ.

Ìgbà náà ni mo rántí ẹni tó jókòó tì mí. Mo yíjú. Bàbá mi ti doríkodò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n gan-an ni. Mo na ọwọ́ sí i. Ó gbójú sókè, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín ni.

“Wọn ò sọ fún un!” ló ń wí, ó ń gbá mi nítan. “Ẹ wò ó, àwọn ẹni ibí yìí! Wọn ò sọ fún ọba!”

Ẹ̀rín tèmi gbẹ.

Nígbà tí fíìmù fẹ́ parí, àwọn ọ̀tá dé ẹnu ọ̀nà ààfin, àsè ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè ò mọ ohun tí wọn yóò ṣe, wọ́n gbé àga fún wọn, wọ́n ní àlejò ni. Olórí àwọn ọ̀tá jókòó sórí ìtẹ́ gan-an, bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń jẹ ẹran. Ọba wò ó. Ó wo àwọn ìjòyè tí òógùn bò. Ó wá mú itan adìẹ tó tóbi jù, ó fi sínú àwo ọ̀tá náà, ó ní, “Ẹ kú ìrìn.” Àwọn èèyàn fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín síyẹn. Ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní ká máa lọ.

Oòrùn ti rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti etí òkun. A rìn díẹ̀.

“Ọba yẹn mọ̀.”

“Ta ló sọ fún un, Bàbá?”

“Wọn ò ní láti sọ fún un. Ìgbà tí ìránṣẹ́ wọlé tí kò lè wo ojú rẹ̀ ló ti mọ̀. Ṣùgbọ́n wo àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n ti dáná, wọ́n ti wọ aṣọ, gbogbo wọn ń làágùn nítorí rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?”

A dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kóun simi. Mi ò jókòó. Mo mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀.

“Ìyá mi,” ló wí, bó ṣe máa ń pè mí bí ara mi ò bá yá. “Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí pé Sójà wa ńkọ́.”

Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Onífìlà ò bi mí mọ́. Àwọn tó kù ò bi mí mọ́. Wọ́n á bèèrè ọjà, wọ́n á bèèrè orúnkún tó ń dùn mí, wọ́n á ní mo kú òjò, òjò ò sì rọ̀. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn dákẹ́. Àwọn ará Ìsẹ́yìn tí wọn ò fẹnu kò lórí nǹkan kan rí! Ẹlẹ́ja nìkan ló kù, torí wọn ò rántí kì í nílọ̀.”

“Bàbá...”

“Ìwọ náà ń sọ pé àlùbọ́sà ni. Àlùbọ́sà wo ni wọ́n ń gé sínú ẹ̀kọ?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òun náà ló sọ fún mi pé rédíò ò bàjẹ́. Ó kàn gbé e kúrò nílé ni, kí èmi má bàa máa sá jáde bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò bèèrè lọ́wọ́ wa.

“Bí mo bá bèèrè, ẹ máa sọ fún mi. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá bèèrè, mo ṣì lè dá Ẹlẹ́ja lóhùn láàárọ̀ pé ọmọ mi wà níbẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.” Ó nu ojú rẹ̀. “Mo fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń kú níbẹ̀ lónìí. Mo ti múra sílẹ̀. Ọlọ́run wá ní kí n lọ rẹ́rìn-ín.”

Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á rín. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

“Kí mi,” bàbá mi wí.

“Ẹ ní kí ni?”

“Kí mi dáadáa, bí ọmọ ìlú wa. Má fo ìkankan.”

Mo kúnlẹ̀ nínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀ lọ sinimá. Mo ní ẹ kúùrọ̀lẹ́, Bàbá. Mo ní ṣé dáadáa ni, ó ní dáadáa ni. Ará ilé ńkọ́? Wọ́n wà. Ọjà ńkọ́? A dúpẹ́. Ó ku ìbéèrè kan. Ó dúró dè mí, bó ṣe máa ń dúró de àwọn tó bá fẹ́ gbàgbé lọ́jà.

“Sójà wa ńkọ́?”

Ó ṣí fìlà lórí, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ó ti kú,” bàbá mi wí. “Ọmọ mi ti kú.”

Ìgbà yẹn ni mo tó ké, kò sì sí ẹni tó fi gèlè bò mí lẹ́nu. Bàbá mi gbé orí mi lé itan rẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti sinimá ń kọjá, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣe bí ìránṣẹ́ tó ń fi ẹsẹ̀ kan rìn. Wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbà, a ò tètè dìde. Nígbà tí a dìde, ó ní kí n má sọ fún àwọn àgbà pé òun ti mọ̀.

“Jẹ́ kí wọ́n wá. Onífìlà ti ń gbé e kiri tipẹ́. Jẹ́ kó rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Wọ́n dé ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn dé fìlà. Wọ́n jókòó yí i ká. Bàbá Onífìlà bẹ̀rẹ̀ láti orí ọdún tí òun àti bàbá mi jọ kọ́ kéwú, ó gba ìtàn lọ, ó gba ìtàn bọ̀, ó ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bàbá mi ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde tán, ó gbé ọwọ́ lérí, ó sọkún níwọ̀nba, bí ó ti yẹ àgbà. Bàbá Onífìlà ló sunkún jù níbẹ̀, fìlà rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá mi na ọwọ́, ó bá a tún un ṣe.

“Ẹ kú ìrìn,” ló wí fún gbogbo wọn. Ó wò mí. “Gbé oúnjẹ fún àwọn bàbá rẹ.”

Mo bu oúnjẹ fún wọn. Mo fi ẹran tó tóbi jù sínú abọ́ Bàbá Onífìlà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó fà mí sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ ti fúyẹ́.

“Ó gbà á dáadáa, àbí o ò rí i? Mo sọ pé ká fara balẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” ni mo dáhùn. “Ẹ ṣeun gan-an.”

Mo ti ilẹ̀kùn, mo padà sínú yàrá. Bàbá mi ti kọjú sí ògiri, ó ti doríkodò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ̀n nínú sinimá. Mo dúró pẹ̀lú àwọn abọ́ lọ́wọ́, mo ń retí kó gbójú sókè kí n rí i pé ẹ̀rín ni.